Èmi Ni Mo Da Ọ́ìlì Náà Nù, Kì Í Ṣe Sàlámọ́tù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Mẹkáníìkì ni mí ní Abobo, ní ìlú Abidjan, ọmọ Yorùbá sì ni mí, ó tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sọ fún àlùfáà. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti padà dé, ó sì ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ̀yin náà ò dáa. Ẹ ó máa wa ọkọ̀ títí ọ́ìlì rẹ̀ á fi dúdú, tí á ki bí ọ̀dà, ẹ ó ní kò tíì yá. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí irin máa ha irin nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbó, kò lágbára mọ́. Bí kò bá sí rárá, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á gan, ó parí nìyẹn. Mo ti fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, ẹ kì í gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú kí ẹ̀yin ará Abobo tètè wá pààrọ̀ ọ́ìlì ni orúkọ obìnrin kan. "Ẹ bá mi yí i kó tó ṣe Sàlámọ́tù." Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá yín rẹ́rìn-ín.

Sàlámọ́tù kò ba ọkọ̀ kankan jẹ́. Èmi ni.

Ọkọ rẹ̀ ni mo kórìíra. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ganíyù. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ó kàwé Faransé, ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́ ní Plateau. Yorùbá bíi tèmi ni bàbá rẹ̀, síbẹ̀ "Anango" ló máa ń pè mí, bí àwọn ará ìlú yìí ṣe ń pè wá tí wọ́n bá fẹ́ rí wa fín. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, á dà bí ẹni ń rún òkúta lẹ́nu.

Níbí, vidange là ń pe pípààrọ̀ ọ́ìlì. Mo kọ ọ́ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí etí mi ṣe gbọ́ ọ: VIDANZE. N kò lọ sí ilé ìwé Faransé, ta ni mo fẹ́ bi? Ọdún méjì ni pátákó náà fi wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ganíyù gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó wo pátákó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn awakọ̀ wôrô-wôrô, takisí àkérò, tó wà nítòsí pé kí wọ́n wá wo nǹkan, pé ẹsẹ̀ ni Anango yìí fi ń kọ̀wé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí táyà, ó fa ìlà gba orí Z, ó kọ G sí i. Ó wá yíjú sí mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Vidange, c'est dà nù. O gbọ́? Dà nù. Dà á nù, c'est tout, ó parí." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú yìí, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, mo da ọ́ìlì náà nù pátápátá. Mo dí i padà. N kò rọ tuntun sí i. Ó ní kí n dà á nù, mo dà á nù. Iná pupa tó yẹ kó kìlọ̀ fún un níwájú ọkọ̀ ti kú tipẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún un títí, kò gbà kí n tún un ṣe. Mo lẹ bébà mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kọ iye kìlómítà tó máa rìn kó tó pààrọ̀ òmíràn sí i, bí mo ṣe máa ń ṣe. Lọ́kàn mi, kò ní jìnnà tí ẹ́ńjìnnì á fi máa pariwo, á sì padà wá bẹ̀ mí lójú àwọn tó pè wá fi mí rẹ́rìn-ín.

Kò padà wá. Ìyàwó rẹ̀ ló wá gbé ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Sàlámọ́tù ló ń fi ọkọ̀ náà lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja etí ọ̀sà ní Songon, tó ń wá tà á ní Abobo Gare. N kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú mọ́tò bíi tirẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló máa ń fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi ń wo ọ́ìlì, á nù ún, á wò ó. Lọ́jọ́ yẹn kò wò ó. Ta ló máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì tá á tún máa wo ọ́ìlì? Ó ní, "Ẹ ṣé o, bọ̀ọ̀dá. Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́." Mo rí i tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Mo wo pátákó mi, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ lè sọ pé ìbínú ló mú mi da ọ́ìlì ọkọ nù. Kí ló wá mú mi dákẹ́ fún ìyàwó tí kò ṣe mí ní nǹkan kan?

Ọkọ̀ náà gan lójú ọ̀nà Songon. Èmi ni wọ́n pè, mo sì débẹ̀ ṣáájú Ganíyù. Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń sunkún. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó lè dà bíi pé ọ̀nà ló tú u.

Nígbà tí àwọn àgbà ẹbí pé jọ sí pálọ̀ Ganíyù, wọ́n ní kí èmi tí mo mọṣẹ́ sọ òtítọ́. Mo mú géèjì náà dání lọ. Mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i pé ó gbẹ. Mo fi bébà mi hàn wọ́n pé mo ṣe vidange. Mo ní òkúta ló gbá abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì jò tán, ẹni tó ń wà á kò sì dúró. Sàlámọ́tù ní òun kò gbá òkúta kankan. Ganíyù jágbe mọ́ ọn: "Tais-toi! Dákẹ́! Mẹkáníìkì ti sọ̀rọ̀!" Kí oṣù náà tó parí, ó ti dá a padà sílé ní Èjìgbò. Láti ìgbà yẹn lẹ ti ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tẹ́ ẹ sì ń gbé mọ́tò yín wá bá mi.

Oṣù tó kọjá ló dé. Àbúrò rẹ̀ fún un ní ọkọ̀ àlòkù kan kó lè padà sídìí ẹja. Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé àbúrò yìí níbi tó ń gbé, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo fún un ní àga, kò jókòó. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti rò ó títí, mi ò rántí òkúta kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo ṣe gan-an fún mi, kí n má bàa tún un ṣe. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mi ò lè wa ọkọ̀ mọ́."

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ganíyù kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, mo ṣì kórìíra rẹ̀ dòní, bó bá sì fẹ́, kó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ojú obìnrin yẹn ni n kò lè wò. Bí mo bá sì dákẹ́, ọkọ̀ yẹn á máa wà níwájú ilé wọn títí á fi dípẹtà.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè jẹun nìyí. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléèérí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n dárí ji òun, pé ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú tán ni òun lọ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sì sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni mo ṣe máa gba ọ̀rọ̀ yẹn padà?