Ta Ni Yóò Ní Kó Dìde?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Downtown, àárín ìlú, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

"Àwa méjì péré la máa ṣègbéyàwó lórí òkè, nínú snow," ọkùnrin náà wí. "Ará ilé kankan ò ní gbọ́."

"Ṣé wàá dọ̀bálẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fún ta ni?"

"Fún Dádì mi."

"Babe, Dádì ti kú."

"Mo mọ̀. Wọ́n sọ fún mi lójú oorun pé àwọn á wá. Tó o bá ti dọ̀bálẹ̀, má dìde o, àfi tí wọ́n bá ní kó o dìde."

Ẹ̀rù bà mí, bí ẹni pé èmi gan-an ni ọkọ ìyàwó.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tí wọn ò bá wá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà rọra bá a tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Wọ kóòtù tó nípọn."