Òwú Tí Mo Fi Rán Ibùsùn Àbúrò Mi

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé inú mi. Ní báyìí tó ti jáde, ara tù mí débi pé mo tún ń sun oorun ọ̀sán. Aránṣọ ni mí. Àgọ́ ni mò ń rán, pẹ̀lú ibùsùn àsorọ̀, ìyẹn aṣọ gbọọrọ tí àwọn tó ń lọ sùn nínú igbó máa ń so mọ́ igi méjì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi òwú lásán rán etí rẹ̀ níbi tí okùn ń gbà kọjá. Òwú ọ̀rá ló máa ń lò, ìlà mẹ́ta. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ ńlá kán, ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀, ni mo bá fi òwú lásán rán aláwọ̀ búlúù kan, ìlà kan péré. Obìnrin tó ń bá mi gé aṣọ rí i. Ó ní, "Ọ̀gá, eléyìí ò ní pẹ́ o." Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Àfi bí àbúrò mi ọkùnrin ṣe wọlé. Ó fẹ́ èyí tí yóò máa sùn sí tí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá lọ sétí odò. Ó gbé búlúù náà sọ́wọ́ kan, ó gbé aláwọ̀ erùpẹ̀ kan sọ́wọ́ kejì. Aláwọ̀ erùpẹ̀ yìí ni mo rán dáadáa, ó sì fẹ̀ débi tí èèyàn lè sùn níbùú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èwo ló máa tura, tó sì máa pẹ́?" Ẹ wo ìkà èèyàn! Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá ta búlúù fún àjèjì, á padà wá pariwo lé mi lórí, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi ò ní pariwo. Mo ní, "Mú búlúù." Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pé oṣù kan tí etí ibùsùn náà fi ya. Àbúrò mi fi ẹ̀yìn balẹ̀ lórí gbòǹgbò igi, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìdùbúlẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i, ìyàwó rẹ̀ gbé ibùsùn náà fún mi pé kí n bá òun wò ó. Mo rí òwú mi, ó ti já pátápátá. Mo yára ká a mọ́ abẹ́ apá, mo ní, "Kò sóhun tó ṣe ibùsùn. Ọkọ rẹ ló sanra jù. Jákùn ni ká máa pè é!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ìyẹn gan-an ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ọmọ tuntun wálé. Wọ́n ní kí bàbá àgbà jókòó sórí àga kó gbé e. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìdúró. Ṣé ẹ mọ̀ mí, mo máa ń fọ́ nǹkan." Kò fọwọ́ kan ọmọ náà rárá. Mo fà á lọ sí ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi kọ́ ni mo wúwo jù?" "Ìwọ kọ́ o, àbúrò mi. Òwú ni."

Inú bí i, kí n má purọ́. Kò tíì dárí jì mí tán, mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ má fi ẹni yín bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ra ibùsùn àsorọ̀, ẹ fa etí rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó wo àwọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni àbúrò mi fi mí sí lọ́jọ́ náà, ó padà sí pálọ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ sún àga yẹn mọ́ mi. Ẹ gbé ọmọ mi wá."