Àdúrà Tí Mo Gbà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Ìpè

Má wí bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì, má wí pé mi ò jẹ̀bi, èmi tí mo bí ẹ ni mò ń sọ pé mo jẹ̀bi, ìwọ ń dá mi láre, ta ló gbé ẹjọ́ wá bá ẹ? Pa ẹ̀rọ tó ń fọṣọ yẹn ná, kí n gbọ́ ohùn ara mi.

Àṣé inú dídùn náà máa ń kó bá èèyàn. Ọdún mẹ́fà tí mo ti wá bá ẹ tọ́jú àwọn ìbejì nílẹ̀ yìí, ta ló mọ̀ mí níta? Àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé, ìwọ á lọ síbi iṣẹ́, èmi àti fèrèsé á máa wo ara wa. Ni o bá bá mi kọ fọ́ọ̀mù, pé wọ́n ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé. Wọ́n fún mi lẹ́wù aláwọ̀ ewé alápò mẹ́rin, wọ́n fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn, mò ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ibẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ṣé o rántí pé mo fi ẹ̀wù yẹn sùn?

Iṣẹ́ wọn ò le. Omi ni kí n máa pín lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpè, níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn sárésáré kí wọ́n tó wọ pápá. Bí aago bá lù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá kù síta, ó kù síta nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́ fún wa. Etí mi ò di.

Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, aṣọ orílẹ̀-èdè tí mi ò gbọ́ rí lọ́rùn ẹ̀. Mo na omi sí i, mo ní, "Gbà, ọmọ mi," ẹnu mi ló ṣàdédé sọ èdè wa. Ọmọ náà wò mí, àṣé ọmọ Yorùbá ni, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, màmá." Àwọn tìẹ tí mo pọ̀n, ṣé wọ́n ń kí mi bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí mi bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, mo ní ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n á máa rí, mo súre dé ilé ọkọ tí kò tíì ní, òun ń ṣe àmín. Aago lù. Mo gbọ́ ọ, kí n má purọ́, mo ní kí n kàn fi ẹ̀mí gígùn kún un. Òun náà gbọ́, mo rí i bí ojú ẹ̀ ṣe ń lọ síbi ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́, ṣé ó máa dìde nígbà tí àgbà ò tíì panu dé? Kí n tó wí pé, "Dìde, ọmọ mi," wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo lẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ̀ràn bá.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n bi í pé kí ló dá a dúró, ó ní ilé ìtọ̀ lòun wà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọ̀gá wa bi gbogbo àwa tá a wẹ̀wù ewé bóyá ẹnì kan rí i. Èmi tí mò ń rọ àdúrà bí òjò, mo tẹjú mọ́ ike omi. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn mi. Nítorí ẹ̀wù, Ìyá Ìbejì. Wọ́n ní nígbà tí kò ti ní àwíjàre, yàtọ̀ sí eré tòní tó ti pàdánù, àwọn á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú èyí tó kù tó fẹ́ sá lọ́la náà.

O ní kí ni? Pé ọmọ náà ló yàn bẹ́ẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń bo àgbà láṣìírí, àgbà wá ń sá sábẹ́ ẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi ló gbé orí ọmọ wọ́. Ì bá tiẹ̀ bú mi. Nígbà tó ń kọjá lọ, ojú ẹ̀ pọ́n, ó tún tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé àdúrà, màmá." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rí gbé mì láti àárọ̀.

Nítorí náà, wọ bàtà. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì wọn, wákàtí kan ṣì wà. Èmi á wí, ìwọ á túmọ̀, má bá mi dín in, má sì sọ fún wọn pé ìyá ẹ ti darúgbó. Mo ti ká ẹ̀wù náà, káàdì wà lórí ẹ̀. Kí wọ́n gbà á, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ọmọ yẹn sáré lọ́la.

Kí lò ń rín sí? Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀gá yẹn bá gbà, tí o sì rí i pé mo ti ń na ọwọ́ sókè láti súre fún un, jọ̀ọ́, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.