Wáyà Tí N Kò So Pọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ í kọ. Ẹrù kan wà láyà mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mélòó kan, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi fi mí sílẹ̀ láìmọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò lè máa bá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ gbé. Òótọ́ ló sọ. Ǹ bá gbé ẹrù náà dé sàréè, ká ní mi ò lọ sí Kàbúà lóṣù tó kọjá.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, iṣẹ́ kúráǹ, iṣẹ́ iná mànàmáná, ni mò ń ṣe. Ilé alájà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Pàràkú. Kútọnù ni onílé ń gbé, ó fi àwọn yàrá ilé náà háyà fún àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń ra kajú. Iná ti jó ṣọ́ọ̀bù onílé yìí rí, ẹ̀rù iná sì máa ń bà á. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n fi alámù sílé náà. Ohun róbótó kan ni, wọ́n ń kàn án mọ́ àjà. Bí èéfín bá ti bá a, agogo tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn á máa han gooro, gbogbo ilé á gbọ́.

Àmọ́ ibi tí wọ́n kàn án sí kò dára. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tó wà lókè ni, Ìyá Rẹ̀mí ló sì ń dáná níbẹ̀ jù. Opó ni, wàrà ló ń dín tà. Bó bá ti gbé epo kaná, alámù á ké. Á mú ìgbálẹ̀, á máa fi ìdí rẹ̀ gún un títí á fi dákẹ́, á sì máa bú u bí ẹni ń bú orogún. Ẹni tó máa ń fi í rẹ́rìn-ín jù ni Bàbá Sàlíù, arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ rí nídìí ọkọ̀ ojú irin. Yàrá rẹ̀ ló wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò sí nítòsí, Ìyá Rẹ̀mí ló máa ń bu oúnjẹ fún un.

Onílé ní kí n gbé alámù náà sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí èéfín epo kò ní máa yọ ọ́ lẹ́nu. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí èèyàn bá ń gbé inú ilé, ó gba ìṣọ́ra. Ó yẹ kí n sọ fún gbogbo wọn pé alámù ò ní ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ òkè títí n ó fi parí. Lẹ́yìn náà, ó yẹ kí n fi èéfín dán an wò, kí olúkúlùkù wà ní yàrá rẹ̀, kó sọ bóyá òun gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi kọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, mo pa kúráǹ rẹ̀, mo tú u, mo kàn án mọ́ ibi tuntun. Nígbà tí mo wá fa wáyà tó so ó mọ́ agogo, kò dé ibẹ̀. Ó kù díẹ̀. Mo ní n ó lọ wá wáyà, n ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Orí àga ni mo ṣì wà tí onílé fi gun àtẹ̀gùn wá, òun àti àwọn àna rẹ̀ tó fẹ́ fi ilé hàn. Ó gbójú sókè, ó rí i tó lẹ̀ mọ́ àjà dáadáa. Ó bi mí bóyá ó ti parí. Mo ní ó ti parí.

Ẹ jọ̀ọ́, títí di òní mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ojú ló tì mí lójú àwọn àna yẹn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí síṣẹ́ níbòmíràn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀. Nígbà tó yá, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé náà, mi kì í gbójú sókè mọ́. Inú Ìyá Rẹ̀mí dùn pé òun ń dín wàrà ní àlàáfíà. Ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ ẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iná ṣẹ́ yọ nílé náà, lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà. Wáyà tí olùkọ́ kan fi ń gba kúráǹ sí fóònù ló gbiná lórí ibùsùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sí nílé. Bàbá Sàlíù nìkan ló wà lókè. Ó ti kírun tán, ó ti sùn. Agogo ò ké. Kí àwọn ará àdúgbò tó rí èéfín lójú fèrèsé, kí wọ́n tó gbé omi dé, ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Iná ò kàn án rárá, èéfín ló pa á. Mo wà lára àwọn tó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó fúyẹ́.

Nígbà tí onílé dé, ó ní kí n yẹ alámù wò. Mo gun àga. Wáyà náà kò so mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Onílé ń wò mí láti ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Ẹnì kan ti já wáyà rẹ̀."

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tó máa ń fi ìgbálẹ̀ gún alámù? Àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn rí i níbi tó ti ń gbá àjà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbà pé Ìyá Rẹ̀mí ló já a nítorí wàrà. Àwọn ọmọ Bàbá Sàlíù ò jẹ́ kó sún mọ́ ibi òkú, òun tó ń bọ́ bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Èmi ń ṣiṣẹ́ mi lọ. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo mọ iṣẹ́.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí sí Kàbúà láti tún iná oòrùn ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe. Òùngbẹ gbẹ mí, mo yà sí agboolé kan láti bèèrè omi. Ìyá Rẹ̀mí ló jáde wá. Ó ti gbó, mi ò tètè dá a mọ̀, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ mí. Ó gbé àpótí fún mi pé kí n jókòó, ó bu omi fún mi. Ó bi mí léèrè ìyàwó mi, mo ní ó ti lọ. Ó kẹ́dùn fún mi.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbogbo wọn ló bú mi, ọmọ mi. Ìwọ nìkan ni n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ. Mò ń ṣàdúrà fún ọ."

Mo gbé omi náà sílẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí sún mọ́ mi.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn, jẹ́ kí n bi ọ́. Mo gbá òwú aláǹtakùn lára àjà ní ọ̀sẹ̀ yẹn lóòótọ́. Ṣé ìgbálẹ̀ lè já wáyà, kí èèyàn má mọ̀?"

Ó ní ìbéèrè náà kì í jẹ́ kí òun sùn. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lòun ń bẹ Bàbá Sàlíù pé kó foríjì òun, bó bá jẹ́ ọwọ́ òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá sọ. Kò sẹ́lòmíràn nínú àgbàlá náà. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màmá."

Ó mi orí. Ó ní kí n mu omi mi tán.

Láti ìgbà náà, mo máa ń se oúnjẹ, n ó sì jókòó tì í títí á fi tutù. Ẹ̀rù àwọn ọmọ Bàbá Sàlíù ń bà mí. Ẹ̀rù ẹjọ́ ń bà mí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí jù ni ojú tí obìnrin yẹn máa fi wò mí, torí nínú gbogbo ayé yìí, òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣàdúrà fún mi.

Kò mọ ìwé kà. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ní kí ẹ foríjì mí. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí n ó sọ nígbà tí mo bá padà lọ bá a, tó bá gbé àpótí fún mi pé kí n jókòó.