Kí N Tó Gbé Ọmọ Mi Lọ sí Ọsibítù

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ láti Àpòmù sí Ìkirè, màmá kan àti abiyamọ kan jókòó sẹ́yìn mi, abiyamọ náà sì ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun láti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò wọn.

Màmá ní, "Ó yẹ kẹ́rù bà ọ́. Ó ba èmi náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkọ́bí mi ní ibà, ọkọ mi wà lóko, kò sì sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó ti ọmọ náà títí bàbá rẹ̀ fi dé nírọ̀lẹ́. Gìrì ti mú un kí a tó dé ọsibítù. Ọlọ́run ló yọ wá."

"Ẹ̀yin wá yá owó náà?"

"Mo yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí. Mo fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín dòdò tà létí títì. Díẹ̀díẹ̀ ni mo san án tán. Nígbà tí ibà tún mú àbúrò rẹ̀, mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo kàn wọ bàtà ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ohun kékeré ni. Mo ro iye obìnrin tó ń jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, tí bàtà wọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé kò sówó lọ́wọ́ wọn.

Abiyamọ náà béèrè pé, "Ṣé bàbá ò bínú?"

"Ó bínú díẹ̀. Ó bá wa ní ọsibítù, ó ní ta ló fún mi lówó. Mo ní owó mi ni. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí n lè jẹun."

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkirè, abiyamọ náà béèrè pé, "Màmá, ọjọ́ wo lẹgbẹ́ yín máa ń ṣe ìpàdé?"