Búlúù Ni Mo Ń Fún Bàbá, Mo Ní Pupa Ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ǹ bá fi í pamọ́ títí, ṣùgbọ́n àlejò kan ń bọ̀ nílé wa ní Fidjrossè, ní Cotonou níbí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì lè tú àṣírí mi láìmọ̀.

Ayàwòrán ni bàbá mi. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Faransé ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, láàrin àwọn tó ní àwọn ò ya ènìyàn tàbí igi mọ́, àwọ̀ lásán ni. Pupa ni ti Bàbá. Kí n má parọ́, èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ rí ju pupa náà lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá sọ pé ilẹ̀ pupa iwájú ilé ìyá àwọn ní Pobè ni.

Ojú wọn fọ́ lọ́jọ́ ogbó. Síbẹ̀ wọn ò dáwọ́ dúró, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn ún. Èmi ni mo ń po ọ̀dà sínú abọ́ fún wọn. Nígbà tó yá, àìsàn dá wọn wólẹ̀, iṣẹ́ yẹn nìkan ló sì ń mú wọn dìde lórí ibùsùn. Ọ̀dà pupa wá tán. Mo wá a káàkiri Cotonou, mi ò rí. Búlúù ló kù. Mo bù ú sínú abọ́.

"Ṣé pupa nì yí?" Bàbá bi mí.

"Pupa ni, Bàbá."

Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ọjọ́ kan péré ni. Àánú wọn ló ṣe mí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan dé láti mùsíọ́mù kan, ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí, nílùú òyìnbó. Ó ń wá iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àtijọ́ tí ayé ti gbàgbé. Bàbá ń sùn nínú yàrá. Obìnrin náà wo àwọn pupa, ó kàn mi orí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ búlúù, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní òkun ni Bàbá yà. Ó rà á, ó sì bẹ̀ mí pé bí irú rẹ̀ bá tún wà, kí n fi pamọ́ fún òun.

Ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ọ̀dà pupa dé lẹ́yìn náà. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn páálí ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Búlúù ni mo ń bù fún Bàbá títí dòní. Owó náà dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé, láti ìgbà tí obìnrin náà ti ń rà wọ́n, àwọn ènìyàn tún ń pe orúkọ bàbá mi.

Nísinsìnyí, obìnrin náà, àlejò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní òun fẹ́ jókòó ti Bàbá, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ nípa òkun. Bàbá ti ní kí n lọ agbádá funfun wọn sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwòrán tí kò tíì gbẹ.

"Ìyá mi ì bá wà láyé, ì bá mọ ojúde rẹ̀ níbí yìí. Ọmọ mi, ó pupa dáadáa, àbí?"

"Ó pupa, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn sì ń kán búlúù sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́wọ́ kí àlejò tó dé ni, àbí kí n bẹ àlejò pé kó má dárúkọ òkun? Ojú mi ni Bàbá fi ń ríran. Èmi ni mo ń sọ fún wọn pé òjò ṣú, pé ẹja kù nínú àwo. Bí mo bá jẹ́wọ́, tí mo wọlé lọ́la tí mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ ti mọ́," ṣé wọn yóò gbà mí gbọ́?