Ìdí Òpó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì pa fóònù yín. Àkọ́bí mi, má wulẹ̀ ṣẹ́jú sí mi, n kò ní dákẹ́. Dókítà ti ní kí n máa lọ sílé, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹkún kọ́ ni mo pè yín wá sun. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, torí bí mo bá kú tán, ìyìn irọ́ ni ẹ máa fi sin mí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ilẹ̀ fún kánsù. Ọ̀gá Tépù ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá kọ́lé wọ ilẹ̀ ìlú, èmi ni mo ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀: àmì kan, ọ̀sẹ̀ méjì, àmì kejì, ọ̀sẹ̀ méjì, àmì kẹta, katapílà. N kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn èèyàn gbà pé olódodo ni mí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí ìranù!

Ṣé ẹ mọ pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí? Ilẹ̀ ìlú ni. Ogójì ìṣísẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀, ilé tiwa ní apá kan, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní apá kejì. Aránṣọ náà nìyẹn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó kọ àga tí a fún un. Òpó kọ́ńkéré kan ṣoṣo, tí a kọ nọ́ńbà sí lórí, ló wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ibẹ̀ ni kánsù ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Wọn kì í wọ̀n ọ́n láti apá kejì, èmi ni mo sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ pọ̀, ìyá yín ní ilé ti há. Ẹ má di ẹ̀bi ru ìyá yín o. Yàrá ló béèrè, kò ní kí n jalè. Èmi àti bíríkìlà ọ̀rẹ́ mi fi ìṣísẹ̀ márùn-ún wọ inú pápá, a kọ́ yàrá yìí. Òpó wá kù sí àárín yàrá. Bíríkìlà ní, "Ọ̀gá, ìdí ẹ̀ jìn o. Ẹ jẹ́ ká gé orí ẹ̀, ká lọ gbìn ín síta." A gé e. A fi símẹ́ńtì gbin orí náà sí ìta ògiri tuntun. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìkà ni mí.

Lọ́dún kejì, kánsù ní ká yẹ gbogbo ilẹ̀ ìlú wò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi orí òpó tí a gbìn síta, bí ìṣe wa. Ogójì ìṣísẹ̀ lọ pé sínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó fi márùn-ún gbáko wọlé. Mo lè sọ pé tépù ti bàjẹ́. Mo lè ní orí ń fọ́ mi. Ọ̀dà ni mo nawọ́ sí.

Obìnrin aránṣọ yìí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí màmá mi gbé máṣìn sí náà ló wà. Mi ò sún un rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n." Mo ní, "Tépù kì í parọ́." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Lọ́jọ́ àmì kẹta, aṣọ ìyàwó ẹnì kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà tí katapílà gbé ẹnu lé ògiri. Ó ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò mí lójú!" Ìwé ọwọ́ mi ni mo ń wò. Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ń pè é ní Ajílẹ̀gbé, títí kan àwọn ọmọ tèmi.

Àwọn ọ̀gá kánsù ti ránṣẹ́ pé kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kí orúkọ kánsù má baà bàjẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ó ti bàjẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, yàrá yìí kì í ṣe ogún yín. Ẹ bínú bó bá ṣe wù yín. Ìwọ ọ̀dọ́mọbìnrin tó gba tépù lọ́wọ́ mi ní kánsù, kọ èyí sílẹ̀: máa wọn ilẹ̀ láti apá méjèèjì, pàápàá bí ẹni tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ bá ní kò pọn dandan.

Aránṣọ, àbúrò mi, n kò ní bẹ̀ ọ́ níṣojú èrò, kí ojú má baà tì ọ́ láti kọ̀. Bó o dárí jì mí, bó ò dárí jì mí, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì mi kúrò, ẹ gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ ó bá ìdí òpó níbẹ̀. Ẹ wo ògiri ibi orí mi. Èmi ni mo kun ọ̀dà pupa yẹn láàárọ̀ yìí. Àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ní kí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n n kò ní ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀ mọ́. Ẹ pe katapílà.